Kí N Tó Kó Wá Sílé Yín: Ọ̀rọ̀ Oògùn Ìrora àti Ìfun Tó Dákẹ́

Ṣàngó, Ìlọrin

Mẹ́múnà, Àṣàkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọmọ le? Ṣé Ràhímù ọkọ rẹ ti rí ẹni tó máa tún ẹ̀rọ omi ilé tuntun yẹn ṣe? Èmi náà wà, bí ẹni tó wà. Ìròyìn pé iṣẹ́ Ràhímù ti gbé yín kúrò ní Mínnà padà sí Ìlọrin dùn mọ́ mi. Bí ẹ ṣe ní kí n fi Ṣàngó sílẹ̀ kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín ní àdúgbò Fate nítorí àìsàn mi, ìyẹn náà dùn mọ́ mi, ó sì dẹ́rù bà mí. O mọ bàbá rẹ. Inú mi kì í dùn kí ẹ̀rù má tẹ̀ lé e wọlé.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù kí n sọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sórí ìwé. N ó ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ, bí o ṣe kọ́ mi. Kà á dé òpin, kí o tó gbé ẹrù mi wọnú mọ́tò. Kí Ràhímù náà kà á. Ojú á tì mí bí ó bá kà á. Kí ó kà á.

O mọ̀ pé jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ mi ti wọ egungun ẹ̀yìn. O mọ̀ pé dókítà ti kọ oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní mọ́fíìnì fún mi. N kò ní purọ́ mọ́ oògùn náà, ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo tún jókòó kírun tán láìfún eyín pọ̀ nítorí ìrora. Mo jẹun. Mo bá àwọn aládùúgbò ṣe àríyànjiyàn lórí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn ní ìwà kan tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ kí o tó gbà mí sílé. Bí ó ṣe ń pa ẹnu ìrora mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ń pa ẹnu ìfun mọ́. Ìfun á dákẹ́. Oúnjẹ á wọlé, kò ní jáde. Bí ènìyàn náà bá sì dákẹ́, tí kò sọ pé ìfun òun ti dákẹ́, tirẹ̀ ti bá a nìyẹn.

O rántí Baba Ìpàtà, ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń gbé ọ jókòó sórí àpò ọkà nínú ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Ìpàtà, tó máa ń bi àwọn oníbàárà pé èló ni wọ́n máa ra ìyẹn tó wà lókè. Ilé-ìwé lo wà nígbà tí àìsàn dé sí i. Ọjọ́ fídáù rẹ̀ lo tó dé. Gbogbo ènìyàn sọ fún ọ pé jẹjẹrẹ ló pa á, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ nìkan kọ́ ló fi ìyà jẹ ẹ́. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tí a ṣe, kí ẹ má baà fi ìfẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún mi.

Èmi ni mo máa ń bá a lọ sí ọsibítù, torí èmi ni mo ka ìwé mẹ́wàá nínú ilé wa. Mọ́fíìnì ni wọ́n kọ fún un, ó korò bí ewúro. Wọ́n tún fún un ní oògùn olómi mìíràn tó ki, àti hóró kéékèèké kan. Ẹni tó kó wọn fún wa ní kí ó máa lò wọ́n pọ̀ láti ọjọ́ kìíní, nítorí ìgbọ̀nsẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ìkéde láti inú mọ́tò tó ń kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ ìrora ló gba gbogbo etí mi.

Bí a ṣe délé, Ìyá Gàníyù, ìyàwó rẹ̀, ki ìka bọ oògùn tó ki yẹn, ó lá a.

“Bàbá Mẹ́múnà, ẹ wá tọ́ nǹkan yìí wò. Oyin ni.”

Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn ju oyin lọ.

“Ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí ti ń bá fínra láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, ni wọ́n wá ń fún ní ṣúgà mu? Àìsàn kan ò tó o, àfi kí wọ́n fi èkejì tì í.”

Ìwọ náà rò ó wò. Ta ni nínú ilé wa tí kò mọ̀ pé adùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí? Ìyá tó bí wa kì í jẹ́ kí a jẹ ìrèké mọ́jú láìfi omi ewúro lé e. Ohun tí a fi gbogbo ayé wa gbà gbọ́ ni Ìyá Gàníyù sọ. Nítorí náà, a gbé oògùn dídùn sórí kọ́bọ́ọ̀dù. A ní àwọn hóró yẹn á fọ inú rẹ̀ jù, ara rẹ̀ kò gbé e, a kó àwọn náà sókè. A bẹ̀rẹ̀ sí í se àgbo kíkorò. Mọ́fíìnì nìkan ló ń bá lọ, torí ó korò, ohun tó bá sì korò là ń pè ní oògùn.

Nígbà tí a padà lọ, dókítà kékeré kan bi í pé, “Baba, ṣé ẹ ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ dáadáa?”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó rò pé “bẹ́ẹ̀ ni” ló sọ. Ọmọ ibòmíràn ni, kò mọ̀ wá. Àgbàlagbà Ìlọrin, bí o bá bi í pé ṣé òótọ́ ni pé ilé rẹ̀ jó, alihamudulilahi ni yóò kọ́kọ́ sọ kó tó sọ iye yàrá tó kù. Èmi tí mo mọ̀ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò sọ nǹkan kan.

Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó ń ti oúnjẹ sẹ́yìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí àwọn ènìyàn wá kí i, mo tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo bi í bóyá ó ti lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

“Àjàní,” ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó wà nínú ìsọ̀, “ìwé mẹ́wàá tí bàbá wa ta màlúù láti rán ọ kà, ṣé ìgbẹ́ mi ni wọ́n ní kí o máa fi kà?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìbéèrè náà kú sí.

Lẹ́yìn náà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí aṣọ rẹ̀. Ìyá Gàníyù ní a dúpẹ́, àgbo ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí omi náà kò dáwọ́ dúró, a ní ìgbẹ́ gbuuru ni, a sì ń fún un ní ohun tó máa dá a dúró. Mẹ́múnà, ìgbẹ́ tó le bí òkúta ló dí ojú ọ̀nà, omi kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Inú ẹni tó dí pa ni a tún ń dí.

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, “Oògùn kíkorò yẹn ló ń dì mí. Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Ìrora egungun, mo mọ̀ ọ́n, a ti jọ gbé. Ti inú yìí ni n kò mọ̀.” Ó kọ mọ́fíìnì láti ọjọ́ náà. Àwa sì yìn ín, a ní akọni ni. Kò pẹ́ tí akọni náà fi ń bu etí aṣọ ìbora jẹ. Ohùn tó fi ń polówó ọkà láti ẹnu ọ̀nà ọjà Ìpàtà dé ìpẹ̀kun rẹ̀, ohùn yẹn ni àwọn aládùúgbò ń gbọ́ tí wọ́n ń ti fèrèsé wọn.

A gbé e padà sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó bi wá pé oògùn ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń lò dà. Mo ní ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nílé. Obìnrin náà kò pariwo. Ó fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì fi ìka ara rẹ̀ yọ ohun tó dì jáde díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú. Ó sunkún. Kì í ṣe ìrora ló pa á lẹ́kún, ojú ló tì í. Bí obìnrin náà ti parí, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé, “Àjàní, má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Mo ti sọ fún ọ báyìí. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi.

Nọ́ọ̀sì náà là á yé e pé bí ó bá ń lo oògùn ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú mọ́fíìnì, irú rẹ̀ kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó gbà láti máa mu oògùn dídùn. Mọ́fíìnì ló kọ̀. Ẹ̀rù ìtìjú yẹn ju ẹ̀rù ìrora lọ lọ́kàn rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́, a gbé ààfáà wá bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Bó ṣe wà nínú ìrora nìyẹn títí ó fi lọ. Nígbà tí a ń wẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ṣì fà ro bí ti ẹni tó ń gbé ẹrù.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ohun tí mo rí nínú ẹkún yẹn ni mo fẹ́ kọ fún ọ.

Èkíní, ọjọ́ tí mọ́fíìnì bá wọ ẹnu mi, kí oògùn ìgbọ̀nsẹ̀ wọ ẹnu mi pẹ̀lú. Ẹ má dúró kí inú mi kọ́kọ́ dí. Nọ́ọ̀sì yẹn sọ fún mi pé oorun tí mọ́fíìnì ń kùn ènìyàn àti èébì rẹ̀, ara á máa mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀. Ti ìfun, ara kì í mọ́ ọn lára láéláé. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń lo ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ máa lo èkejì. Kí o mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe mọ́fíìnì nìkan. Oògùn ìrora bíi kodíìnì àti tírámádò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ọ̀kan nínú wọn rọ́pò mọ́fíìnì nítorí inú mi, ibì kan náà ni ẹ máa padà sí.

Èkejì, má fi ahọ́n ṣe dókítà. Èyí tó dùn kì í fa jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n ní ńṣe ló ń fa omi wọ inú ìgbẹ́ kí ó lè rọ̀. Àwọn hóró ní tiwọn ń ta ìfun jí kí ó tì í jáde. Ọ̀kan ń rọ̀ ọ́, ọ̀kan ń tì í. Ẹ máa lò wọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ má yan èyí tó wù yín nínú wọn. Bí ó bá sì kéré jù tàbí tó pọ̀ jù, ẹ pè wọ́n, kí àwọn fúnra wọn yí i padà.

Ìyá Gàníyù á wá kí mi. Mo mọ̀ ọ́n, kò ní wá lọ́wọ́ òfo, á gbé àgbo dání nínú ike. Kúnlẹ̀ gbà á, dúpẹ́, bi í léèrè àwọn ọmọ. Bí ó bá ti lọ, dà á nù. Má ṣe bá a jà. Ìfẹ́ ni, ìfẹ́ náà ló sì wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń lá oògùn ọkọ rẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta, èyí ló ṣòro jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. O gbọ́dọ̀ bi mí bóyá mo yàgbẹ́. Mo mọ̀ pé a kò tọ́ ọ báyẹn. Èmi ni mo tọ́ ọ. Obìnrin kì í dúró níwájú bàbá rẹ̀ kí ó máa bi í ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ láti òní lọ, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Má bi mí pé “Baba, ṣé ara le?” Ara á le títí mo fi máa kú. Bi mí pé, “Baba, ọjọ́ wo lẹ yàgbẹ́ kẹ́yìn? Ṣé ó le àbí ó rọ̀?” Bí mo bá ní a dúpẹ́, kì í ṣe èsì. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún ọ, pé wàá jẹun ọmọ, ṣàmín, kí o tún bi mí. Bí mo bá bínú, tí mo ní ṣé torí pé mo wá jẹun nílé ọkọ rẹ lo ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jókòó, jẹ́ kí n bínú tán, kí o tún bi mí.

Lọ́jọ́ tí o kò bá sí nílé, kí Ràhímù bi mí. Àna mi ni, ojú á ti àwa méjèèjì. Ìtìjú kì í pa ènìyàn.

N kò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Ẹ gbé omi sí ìtòsí mi, kí ẹ sì máa rán mi létí kí n mu ún, torí mo máa ń sá fún omi kí n má baà máa dìde lọ tọ̀. Ìbẹ́pẹ dára, ẹ̀fọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n rọ́pò oògùn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín ní Fate jẹ́ ti alájókòó, mo rí i nínú fọ́tò. Ṣáláńgá ni mo bá dàgbà, ibi tí ènìyàn ti ń lóṣòó. Ẹ wá àpótí pẹlẹbẹ kan tí n ó máa gbé ẹsẹ̀ lé, kí orúnkún mi lè ga. Kí ilẹ̀ ibẹ̀ má ṣe máa yọ̀. Kí ẹ má ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa tì í láti ìta, ṣùgbọ́n kí ẹ má tì í.

Bí ẹ bá rí omi lára aṣọ mi, ẹ má ní ìgbẹ́ gbuuru ni kí ẹ wá dá oògùn ìgbọ̀nsẹ̀ dúró. Ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ọ̀sì, torí ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ló dí. Bí ikùn mi bá wú, tí mo ń bì, tí n kò sì lè só, ẹ má fún mi ní oògùn ìgbọ̀nsẹ̀ kankan mọ́. Ọsibítù ni kí ẹ gbé mi lọ lójú ẹsẹ̀.

Dókítà tún sọ fún mi pé oògùn mìíràn wà, fún ẹni tí àwọn tó wọ́pọ̀ yìí kò bá ràn lọ́wọ́. Ó ní inú ìfun nìkan ni oògùn náà ti ń ká mọ́fíìnì lọ́wọ́ kò, kì í dé ibi tí ìrora wà, nítorí náà ìtura kò ní bàjẹ́. Ó ní ó ṣòro rí lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. N kò ní kí ẹ máa wá a kiri. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé ó wà, kí o lè bi wọ́n léèrè bí ọ̀rọ̀ bá débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé ìrora àti inú dídí nìkan ni mo ní láti yàn nínú.

Torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rù mi wà, Àṣàkẹ́. Ikú kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo rí ọmọ ọmọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọjọ́ kan á dé tí n ó sọ fún ọ, pẹ̀lú ohùn bàbá, pé kí o gbé mọ́fíìnì kúrò níwájú mi. N ó sọ ọ́ bí àṣẹ. O sì jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ràn. Má gbọ́ ti ọjọ́ yẹn. Wá ojútùú sí inú mi, pe àwọn tó mọ̀ ọ́n, kí o sì gbé oògùn ìrora mi padà wá. Bí mo bá ní mo fi ọ́ gégùn-ún, mo ti tú u ká láti ìsinsìnyí, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. N kò fẹ́ kí ọmọ rẹ fi ohùn igbe mi dàgbà.

Ó ku ọ̀kan. Mo ti fà á sẹ́yìn láti òwúrọ̀ tí mo ti ń kọ̀wé.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi pè mí lánàá, ó bi mí bí mo ṣe kọ ọ́ fún ọ yìí gẹ́lẹ́, ọjọ́ wo ni mo yàgbẹ́ kẹ́yìn. Mo ní àná ni. Irọ́ ni. N kò tíì yà á láti Jímọ̀ tó kọjá. Oògùn dídùn mi tán lọ́jọ́ tí òjò pọ̀, n kò rí ẹni rán, n kò sì fẹ́ da àwọn ènìyàn láàmú nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Láàárọ̀ òní, mo bu mọ́fíìnì sínú ife tí mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo wò ó, mo sì dá ìdajì rẹ̀ padà sínú ìgò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pe nọ́ḿbà obìnrin náà láti ṣàtúnṣe. Bí ó ṣe ní “Baba, ẹ káàárọ̀, ṣé kò sí wàhálà?”, mo ní kò sí o, mo kàn ní kí n kí yín ni.

Nọ́ḿbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Pè é ní kété tí o bá kà á dé ibí. Sọ fún un pé bàbá rẹ purọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, pe èmi. Má kí mi pẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àjàní